Kíláàsì ilẹ̀ ẹbí fún Sátidé mẹ́ta ní Ilé-Ifẹ̀: ibi tó ti dùn, ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó

₦7,500 ni wọ́n ń gbà fún Sátidé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwé olójú-ewé 64 àti oúnjẹ ọ̀sán wà nínú owó yẹn. Gbọ̀ngàn kan nítòsí Lágéré ni wọ́n ń lò, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Olùkọ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀: lọ́yà kan, wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan tó ní ìwé-àṣẹ, àti tíṣà ìtàn kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ohun tí wọ́n kọ sára bébà ìpolówó wọn ni pé àwọn yóò fi ọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀ àbáláyé ní Kánádà kọ́ àwọn ẹbí ní Ifẹ̀ àti Iléṣà bí a ṣe ń béèrè ilẹ̀ ẹni padà àti bí àwùjọ ṣe ń ṣàkóso ara rẹ̀.

Kí á tó lọ jìnnà: owó náà kò ṣòfò. Sátidé kìíní àti ìkẹta ló mú un pé. Ti ìkejì, ẹni tó bá ń lọ, kó mú ìwé òfin tirẹ̀ dání.

Wọn ò bẹ̀rẹ̀ láti Kánádà rárá, Àpápà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Ní 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápà. Wọ́n ní owó tí àwọn máa san fún Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ adéfìlà-funfun Èkó, owó olóyè tó ń bójú tó ilẹ̀ lásán ni, pé òun kọ́ ló ni ín. Ilé-ẹjọ́ Èkó gbè sẹ́yìn ìjọba. Olúwa gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay bá a lọ ní 1920, nígbà tó sì di 1921 ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì dá a láre. Wọ́n ní bí ìjọba tuntun tilẹ̀ gorí ìlú, ìyẹn ò ní kí ẹ̀tọ́ àwọn tó ti wà lórí ilẹ̀ di òfo, àti pé ilẹ̀ tí gbogbo ẹbí jọ ni, ohun ìní gidi ni, kí wọ́n sanwó rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ẹ̀yìn èyí ni tíṣà náà wá gbé ìdájọ́ Calder ti 1973 jáde láti ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Kánádà, ó sì ka ibi tí Adájọ́ Hall ti tọ́ka sí ẹjọ́ Àmọ́dù Tìjání. Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Ẹjọ́ àwọn Nisga'a ni, àwọn tó ń gbé àfonífojì odò Nass ní British Columbia, ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà, Frank Calder ló ṣíwájú wọn. Ní 1984 wọ́n tún tọ́ka sí ẹjọ́ Èkó yìí nínú ẹjọ́ Guerin ní Kánádà, ní 1992 sì ni àwọn adájọ́ Ọsirélíà náà lò ó nínú ẹjọ́ Mabo. Kò sí ọ̀nà mìíràn tó dára tó èyí láti jẹ́ kí àgbẹ̀ kòkó láti Òkè-Igbó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Kánádà bá òun náà tan. Àwọn tó ń ṣe irú kíláàsì yìí níbòmíràn máa ń fi àwòrán yìnyín àti ẹran igbó bẹ̀rẹ̀, oorun ló sì máa ń tẹ̀lé e.

Àṣìṣe kan wà ní ojú-ewé 11 tó yẹ kí wọ́n tètè tún ṣe. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn Nisga'a jàre ní 1973. Wọn ò jàre. Adájọ́ méje ló jókòó. Mẹ́ta ní ẹ̀tọ́ wọn ṣì wà, mẹ́ta ní ó ti parẹ́, ẹni keje ní wọn ò gba ìyọ̀ǹda kí wọ́n tó pe ìjọba lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ ẹni keje yìí ló gbé wọn ṣubú. Àmọ́ mẹ́fà nínú méje ti gbà pé ẹ̀tọ́ náà ti wà kí Òyìnbó tó dé, èyí ló sì mú kí ìjọba àpapọ̀ Kánádà kéde lọ́dún kan náà pé àwọn ṣe tán láti jókòó sọ̀rọ̀. Àdéhùn Nisga'a kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di May 11, 2000, lórí ilẹ̀ tó tó nǹkan bí 2,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n gbáko ló wà láàárín méjèèjì. Ẹbí tó bá ka ojú-ewé 11 bó ṣe wà yìí á máa rò pé tí ilé-ẹjọ́ bá ti sọ̀rọ̀, ilẹ̀ dé nìyẹn.

Ohun kan tún wà tí wọ́n sọ tó ká gbogbo èèyàn lára: láti 1927 sí 1951, òfin Kánádà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ àbáláyé láti fi jà fún ilẹ̀ wọn láìgba àṣẹ ìjọba. Èèyàn mélòó ló máa gba ẹjọ́ rò láìgba kọ́bọ̀?

Àlàyé ẹnu ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà béèrè ilẹ̀ ní Kánádà mọ́ dáadáa. Ọ̀kan wà fún ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì bá ìjọba dá májẹ̀mú lé lórí. Èkejì wà fún májẹ̀mú tó ti wà tí ìjọba dà, tàbí owó àti ilẹ̀ àwọn ènìyàn náà tí ìjọba ṣe báṣubàṣu. Ti èkejì yìí, ìjọba ní ọdún mẹ́ta láti dáhùn. Tí wọn ò bá dáhùn, tàbí tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ó lè lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tí òfin 2008 dá sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ yẹn lè ní kí wọ́n san tó 150 mílíọ̀nù dọ́là, ṣùgbọ́n kò lágbára láti dá ilẹ̀ padà. Owó nìkan ni. Lọ́yà náà fi ọ̀dà pupa fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn yìí lójú pátákó, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ẹbí ní ìhà ọ̀dọ̀ wa ló ń sáré lọ sí kóòtù láìbéèrè ohun tí kóòtù yẹn lè fún wọn.

Ti ìjíròrò májẹ̀mú ní British Columbia, ìpele mẹ́fà ni: kéde ohun tí ẹ fẹ́ bá ìjọba sọ, fi hàn pé ẹ ti múra, ṣe ìlànà ìjíròrò, ṣe àdéhùn lórí kókó, parí májẹ̀mú, lẹ́yìn náà ni mímú un ṣẹ. Ohun tó yẹ kí wọ́n tẹnu mọ́ jù ni owó. Ọ̀pọ̀ àwùjọ ló yá owó lọ́wọ́ ìjọba kan náà tí wọ́n ń bá jiyàn kí wọ́n tó lè jókòó, gbèsè náà sì ń ga sí i bí ìjíròrò ṣe ń pẹ́. Ní 2019 ni ìjọba àpapọ̀ tó sọ pé àwọn yóò fa igi lé gbèsè wọ̀nyẹn. Ìlà méjì péré ni wọ́n fi sọ ọ́ nínú ìwé. Ojú-ewé kan odidi ló tọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ̀rọ̀ nípa ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ló ń da ìwé yìí rú. Àkọ́kọ́ ni "ọmọ onílẹ̀", tí wọ́n lò fún àwọn tó ti wà ní Kánádà kí Òyìnbó tó dé. Ìtumọ̀ rẹ̀ tààrà kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti ra púlọ́ọ̀tì kan rí ẹni tí wọ́n ń pè ní ọmọ onílẹ̀ lónìí: gìrìpá tó ń bọ̀ wá gba owó fáńdéṣọ̀n, owó fẹ́ǹsì, owó dẹ́kìn. Gbogbo ìgbà tí olùkọ́ bá ti sọ pé "ìjọba tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀", ẹ̀rín ló ń gba gbọ̀ngàn. "Onílẹ̀ àbáláyé" tí wọ́n fi sára bébà ìpolówó dára jù ú lọ, kí ló wá dé tí wọn ò lò ó nínú ìwé?

Èkejì ló léwu jù. Wọ́n pe ìṣàkóso ara-ẹni ní "ìjọba ìbílẹ̀". Ìjọba ìbílẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀, ìwé òfin Nàìjíríà ló dá a sílẹ̀, owó rẹ̀ ń ti Àbújá wá. Èyí tí àwọn Nisga'a ń sọ, wọ́n ní ó ti wà lọ́wọ́ àwọn kí Kánádà tó dáyé, ẹnikẹ́ni kò bun àwọn. Nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ ní Sátidé kejì lọ sórí ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ti Nàìjíríà ní July 2024, tó ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá wọn tààrà. Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì ni, kò kàn sí nínú iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Lọ́yà náà gbìyànjú láti fà wọ́n padà, àmọ́ ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn ń ta kò ó.

Apá tó dára jù lọ ní Sátidé kìíní ni ti ìtàn àtẹnudẹ́nu. Wọ́n mú ẹjọ́ Delgamuukw, ti àwọn Gitxsan àti Wet'suwet'en, onílẹ̀ àbáláyé ní British Columbia, tí ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ gba 374 ọjọ́. Nígbà ìgbẹ́jọ́ náà, ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Mary Johnson fẹ́ kọ orin tó jẹ́ ara ẹ̀rí ilẹ̀ ilé wọn. Adájọ́ ní etí òun kò gbọ́ orin. Ìyá kọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀. Ìdájọ́ 1991 kò ka irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ sí gidi, ṣùgbọ́n ní December 11, 1997, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní kí wọ́n gbé ìtàn àtẹnudẹ́nu kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, kí wọ́n má fojú kéré rẹ̀, kí wọ́n sì tún ẹjọ́ náà gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ẹni tó mọ oríkì orílẹ̀ ilé rẹ̀ nígbà tó ń gbọ́ èyí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí olúkúlùkù kọ ìtàn ilẹ̀ ilé rẹ̀ sórí bébà kan. Lọ́yà náà mú báírò pupa, ó ń lọ láti ìjókòó dé ìjókòó. Ìbéèrè mẹ́ta ni òfin Nàìjíríà máa ń bi ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀: ta ló tẹ ilẹ̀ náà dó, báwo ló ṣe dé orí rẹ̀, ta ni àwọn tó jẹ ẹ́ tẹ̀ lé e títí kan ẹni tó wà níbẹ̀ lónìí? Bébà kan tí wọ́n gbé sójú ògiri fi hàn kedere. Ìlà kìíní: ọdẹ kan tó ń lé ẹfọ̀n dé odò. Ìlà kejì: ọmọ rẹ̀ tó gbin obì. Ìlà kẹta: "bàbá bàbá wa". Báírò pupa yí àyè tó wà láàárín ìlà kejì àti ìkẹta po. "Ta ló wà níhìn-ín?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ ni irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ti pa, torí oríkì máa ń yin akọni, kì í ka àwọn tó kàn jókòó jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀. Orúkọ àwọn tó jókòó jẹ́jẹ́ wọ̀nyẹn gan-an ni adájọ́ ń wá.

Wọ́n tún ka ọ̀nà márùn-ún tí ìdájọ́ Idundun àti Okumagba ti 1976 sọ pé a lè fi mọ onílẹ̀: ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀, ìwé tó múná dóko, ìwà onílẹ̀ tí ẹni náà ń hù lórí ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ bíi títà, yíyáni tàbí gbígba ìṣákọ́lẹ̀, pípẹ́ lórí ilẹ̀ láìsí ìdíwọ́, àti níní ilẹ̀ tó fẹ̀gbẹ́ kan án lọ́nà tó fi hàn pé ẹnì kan náà ló ni méjèèjì. Tí ìtàn ẹbí méjì bá ta kora, ohun tí wọ́n ṣe lórí ilẹ̀ náà ní àìpẹ́ yìí ni adájọ́ máa wò. Nítorí náà rìsíìtì ìṣákọ́lẹ̀ ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lè ju ìtàn ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Tinútinú ni wọ́n fi kọ́ni ní apá yìí.

Ìmọ̀ràn wọn lórí gbígba ohùn àgbà sílẹ̀ náà dára, a ó sì fi díẹ̀ kún un. Kí àgbà kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀, agboolé rẹ̀ àti ọjọ́ òní nínú ohùn náà. Fóònù méjì ni kí ẹ lò, torí ọ̀kan lè kú. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ẹ má kó àgbà mẹ́ta jọ sójú kan, ti ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni àwọn yòókù máa tẹ̀ lé. Kí ẹ sì ṣe é kí ìjà tó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́yà alátakò máa ní ẹjọ́ ló kọ́ bàbá ní ohun tó ń sọ. Èyí tí wọn ò sọ ni pé kí ẹ fi ẹ̀dà kan sí ọ̀dọ̀ ọmọ ilé tí kò sí nínú àwọn tó ń ṣàkóso ilẹ̀. Ohùn tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo máa ń sọnù lọ́jọ́ tí ẹbí bá pín sí méjì.

Sátidé kejì ló yẹ kó jẹ́ ọkàn gbogbo rẹ̀, òun ló sì rọ jù. Ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ni ilẹ̀ àti ẹni tó ń ṣàkóso ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ́ni. Nunavut, ní òkè àríwá Kánádà, ló yẹ kí wọ́n lò, wọ́n sì mẹ́nu bà á, wọn ò kàn tú u. Àdéhùn ilẹ̀ ti 1993 fún àwọn Inuit, onílẹ̀ àbáláyé ibẹ̀, ní nǹkan bí 350,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ìjọba Nunavut wá bẹ̀rẹ̀ ní April 1, 1999, ìjọba gbogbo èèyàn sì ni, ọmọ Kánádà tó bá ń gbé ibẹ̀ ló ń dìbò, ì báà jẹ́ Inuit tàbí kó má jẹ́ Inuit. Inuit ló ni ilẹ̀ yẹn, gbogbo ará ibẹ̀ ló ni ìjọba. Ti Nisga'a yàtọ̀: ìjọba wọn jẹ́ ti àwọn Nisga'a fúnra wọn, inú májẹ̀mú kan náà tó fún wọn ní ilẹ̀ ló sì wà. Tí wọ́n bá ti gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú pátákó, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ì bá gbà.

Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ní àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù. Ní 1997, ọ̀rọ̀ ibi tí ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ yóò wà ló dá wàhálà sílẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Mòdákẹ́kẹ́, lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì rọlẹ̀ títí di 2000. Níbẹ̀ gan-an ni "ta ló ni ilẹ̀" àti "ta ló ń ṣàkóso" ti wọ inú ara wọn. Wọ́n fo orí yìí ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó yé wa pé ẹ̀rù ń bà wọ́n, ará ìhà méjèèjì ló wà nínú gbọ̀ngàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà níbẹ̀ ti bára wọn jẹun ọ̀sán lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n lè gbà á.

Ohun mìíràn tí wọ́n fò ni ìkéde Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ àbáláyé, ti September 13, 2007. Orílẹ̀-èdè 143 fọwọ́ sí i. Mẹ́rin kọ̀ ọ́: Kánádà, Amẹ́ríkà, Ọsirélíà àti New Zealand, gbogbo wọn ló yí ohùn padà lẹ́yìn náà. Mọ́kànlá ò dá sí i, Nàìjíríà wà lára wọn. Irú ìsọfúnni báyìí ló máa ń mú kí èèyàn béèrè ìdí.

Ní ti Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, ẹ má gba ojú-ewé 38 gbọ́. Wọ́n kọ ọ́ pé tí gómìnà bá gba ilẹ̀ ẹbí, yóò san owó ilẹ̀ náà bó ṣe ń tà lọ́jà. Abala 29 kò sọ bẹ́ẹ̀. Ti ilẹ̀ gan-an, iye owó ilẹ̀ tí ẹ san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gbà á ni wọ́n máa dá padà, ìyẹn sì lè jẹ́ òfo. Ohun tí owó wà lórí rẹ̀ ni ilé àti irè oko: kòkó, obì, ọ̀pẹ, ẹ̀rọ tó wà lórí ilẹ̀. Nítorí náà ẹbí tó ní oko kòkó ní láti ní ìwé tó ka igi rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọdún tí wọ́n gbìn ín àti ẹni tó gbìn ín, kó sì máa tún un ṣe lọ́dọọdún. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka igi lọ́jọ́ tí katapílà dé ti pẹ́ jù. Abala kan náà sọ pé tó bá jẹ́ àwùjọ ló ni ilẹ̀, gómìnà lè ní kí wọ́n san owó náà fún àwùjọ, tàbí fún olóyè tàbí olórí wọn láti ná an fún àǹfààní gbogbo wọn, tàbí kí wọ́n fi sínú àpò kan. Ibi tí ìjà ẹbí ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹbí tó bá ní ìwé àdéhùn sílẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń pín owó, pẹ̀lú ọwọ́ olórí ẹbí àti ti àwọn àgbà gbogbo ojúlé, yóò bọ́ lọ́wọ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta wàhálà. Àpẹẹrẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ò sí nínú ìwé wọn. Kí wọ́n fi sí i.

Wọ́n gba ara wọn là díẹ̀ lórí títa ilẹ̀ ẹbí. Tí olórí ẹbí bá tà láìsọ fún àwọn àgbà yòókù, àwọn àgbà lè lọ fagi lé e ní kóòtù, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ tètè lọ. Tí àwọn àgbà bá tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò tilẹ̀ wáyé lójú òfin. Ìyàtọ̀ yìí kì í yé ọ̀pọ̀ èèyàn, ó yé wọn lọ́jọ́ náà.

Sátidé kẹta ni gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì gbé wa lọ sí oko kòkó kan lójú ọ̀nà Ìfẹ́tẹ̀dó, kí olúkúlùkù fi fóònù rẹ̀ wọn ààlà. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ yìí mọ iṣẹ́. Ó ní kí a dúró ní igun kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú méjì kí fóònù tó fìdí múlẹ̀, kí a kà á lẹ́ẹ̀mẹta, kí a kọ ọ́ sínú ìwé kí a tó gbé ẹsẹ̀. Ní gbangba, fóònù máa ń ṣìnà ní mítà mẹ́ta sí márùn-ún. Lábẹ́ ewé kòkó tó ṣú, ó lè kọjá mítà mẹ́wàá. Pèrègún ló wà ní igun mẹ́ta, odò ló wà ní ìkẹrin. Ó fi hàn wá bí odò yẹn ti yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́, ilẹ̀ gbígbẹ tó ní yanrìn ṣì wà níbẹ̀. Ẹbí tó bá ń sọ pé "odò ni ààlà wa" gbọ́dọ̀ sọ ti ìgbà wo.

Lẹ́yìn ìyẹn ló mú sọ́fè àtijọ́ oko náà jáde, ó ní kí ẹnì kan tẹ nọ́ḿbà igun kan tó wà lórí rẹ̀ sínú fóònù. Àmì náà bọ́ sí àárín oko aládùúgbò, ó sún mọ́ ọgọ́rùn-ún mítà sí ibi tí pèrègún wà. Ẹnì kan pariwo pé wọ́n ti jí ilẹ̀ gbé. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Ìlànà ìwọnlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Minna ni sọ́fè àtijọ́ ní Nàìjíríà ń lò, WGS84, ìlànà àgbáyé, ni fóònù ń lò, ilẹ̀ kan náà ni nọ́ḿbà méjèèjì ń sọ láti ìdí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nọ́ḿbà sọ́fè náà ní láti gba ọwọ́ ẹni tó lè yí i padà kọjá, kí onítọ̀hún sì kọ "Zone 31", ìyẹn ẹkùn tó wà nínú àwòrán ilẹ̀ ayé, sí i, torí ibẹ̀ ni Ifẹ̀ àti Iléṣà wà. Ìjà tí irú àṣìṣe yìí ti dá sílẹ̀ kò kéré. Nítorí ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yìí nìkan, ₦7,500 tọ́.

Kó tó di pé a lọ sí oko, wọ́n ti fi àwòrán ilẹ̀ native-land.ca hàn lójú ògiri, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, tí àjọ kan ní Kánádà ń bójú tó. Tí èèyàn bá tẹ orúkọ ìlú sí i, yóò rí àwọ̀ àwọn onílẹ̀ àbáláyé tó ń gun ara wọn, pẹ̀lú èdè àti májẹ̀mú. Àwọn tó ṣe é kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe ààlà òfin. Olùkọ́ kò ka ìyẹn sókè, ó yẹ kó kà á. Ṣùgbọ́n ó lo gígun-ara-wọn àwọ̀ náà dáadáa: nígbà tí àwòrán ẹbí méjì láti inú kíláàsì gun ara wọn létí odò, ó ní kí wọ́n fi ìlà oní-tó-tó-tó fa ibẹ̀, kí wọ́n kọ "à ń jíròrò" sí i, kí wọ́n sì máa bá èyí tó kù lọ. Ó rọrùn, ó sì ṣiṣẹ́.

Àwòrán fóònù yìí kì í ṣe sọ́fè o. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó ní ìwé-àṣẹ nìkan ló lè fọwọ́ sí èyí tí kóòtù máa gbà, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní ọ́fíìsì ìjọba. Ẹ béèrè "red copy", ìyẹn ẹ̀dà ti ọ́fíìsì ìjọba yẹn, nígbà tí ẹ bá ń sanwó, kí ẹ rí i pé wọ́n ti kó o lọ síbẹ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké: iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, jẹnẹrétọ̀ pẹ́ kí ó tó tàn, pírójẹ́kítọ̀ sì ń ṣú lójú. Ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín ni oúnjẹ, ó gbóná, ó sì tó. Àga oníke kò dára fún àgbà tó ti lé ní àádọ́rin, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà yẹn gan-an ni a nílò níbẹ̀. Wọ́n ń ta sàtífíkéètì ní ₦3,000 lọ́tọ̀. Ẹ má rà á, kóòtù kan ò ní wò ó.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó mú bébà A4 méjìlá, báírò aláwọ̀ méjì, fóònù tí bátìrì rẹ̀ kún, bàtà tó lè wọ ẹrẹ̀, ẹ̀dà sọ́fè àtijọ́ tó bá wà nílé, àti orúkọ gbogbo ẹni tó ti jẹ ilẹ̀ náà, láti ọwọ́ baba ńlá títí dé òní, tí ó ti bi àgbà méjì ó kéré tán. Kó mú àgbà kan pẹ̀lú. Ẹni méjì láti ilé kan, ₦12,000 ni wọ́n ń gbà.